Tour de France: Ohun Tí Ìdúró Lẹ́bàá Ọ̀nà Kọ́ Mi

Bí mo bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ní Elland Road níbí ní Leeds, mo gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yẹ àpò mi wò, kí n sì jókòó síbi tí nọ́ńbà mi bá wà. Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n ń sá lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Faransé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkùnrin tó wọ jẹ́sì yẹ́lò, ìyẹn ẹni tó ń ṣíwájú nínú eré náà, kó wá ibì kan dúró sí lẹ́bàá títì. Kò ní san kọ́bọ̀. Ọkùnrin náà á gba iwájú rẹ̀ kọjá, á sì sún mọ́ ọn débi pé bó bá na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ á kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ọwọ́ o. Eré tí kò ní ògiri ni, àwa tá a wá wòran la sì jẹ́ ògiri rẹ̀. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi dáadáa.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ sì rèé, kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn tíṣà fi ń lọ síléèwé, òun ni àwọn bàbá àgbẹ̀ fi ń ti oko bọ̀. Pé ẹnì kan lè fi í jẹun, kí hẹlikópítà sì máa tẹ̀ lé e lójú ọ̀run, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Ká má purọ́, àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti àwọn agunkẹ̀kẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní ìlú yìí: wọ́n ní à ń fún àwọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, a ní wọn kì í wo iná tó ń darí ọkọ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé Leeds ni Tour ti ọdún 2014 máa ti gbéra, ohun tá a kọ́kọ́ ń bi ara wa ní gáréèjì ni pé ọ̀nà mélòó ni wọ́n máa tì mọ́ wa lójú.

Àmọ́ gbogbo Yorkshire ló ya wèrè lọ́dún náà. Wọ́n kó àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kùn wọ́n, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ilé, sórí igi, sí iwájú ilé ọtí. Ní Harrogate, wọ́n fi òwú hun àwọn jẹ́sì kéékèèké, wọ́n so wọ́n rọ̀ káàkiri ìlú. Mo ń wa bọ́ọ̀sì mi kọjá, mò ń rẹ́rìn-ín. Títí oṣù Keje fi máa dé, inú mi ti yọ́ sí ọ̀rọ̀ náà.

Sátidé ni, ọjọ́ 5 oṣù Keje. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìjẹ̀bú-Òde, tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, dúró sí ọ̀nà tó jáde láti ìlú lọ sí Harewood. Iwájú Town Hall ni wọ́n ti gbéra, ṣùgbọ́n eré kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀gá eré ló ṣíwájú, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé Harewood House, níbi tí Prince William, ìyàwó rẹ̀ àti Harry ti ń dúró dè wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tá a dúró sí, wọn kò sáré rárá. A rí ojú wọn. Ẹgbẹ́ 22, ènìyàn mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, 198 agunkẹ̀kẹ́ lápapọ̀. Àwọn kan ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ, òmíràn ń jẹ nǹkan lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n títí, ó ní: "Àbúrò, ṣé eré tí wọ́n ní ayé ń sá wá wò nìyí?"

Mo ní: "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Kí wá la wá ṣe síbi tí wọn ò ti tíì bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, nítorí ibi téèyàn bá dúró sí ló máa pinnu eré tó máa rí. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ̀wọ́ ńlá, ìyẹn ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ tó ń sá pọ̀ lójú kan, lè máa sá ju kìlómítà 45 lọ ní wákàtí kan. Atẹ́gùn wọn á fẹ́ lù ọ́ lójú, wàá gbọ́ ìró ṣéènì, àwọ̀ oríṣiríṣi á kọjá, ó parí. O lè dúró láti àárọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tí kò pé. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ òkè tún burú jù, ẹ̀rù nìkan lo máa rí. Ṣùgbọ́n níbi òkè, agbára á tán lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀wọ́ á já sí wẹ́wẹ́, wọ́n á máa bọ̀ ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, wàá sì lè wo ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú.

Lọ́jọ́ kejì, a bọ́ sí Sheffield. Jenkin Road ló wà níbẹ̀, òkè kúkúrú kan tí wọ́n máa gùn nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n parí ìpele (eré ọjọ́ kan nínú Tour) tó wá láti York. Ibi tó le jù lójú ọ̀nà yẹn dé ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bó o bá lọ síwájú ní mítà ọgọ́rùn-ún, wàá gòkè tó mítà 33. Mo fi ojú awakọ̀ wò ó, mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí n gbé bọ́ọ̀sì tó kún gba ibẹ̀, máa kọ́kọ́ gbàdúrà. Àwọn tí a rí lánàá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn là sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ yìí, èjìká ń jó sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè nǹkan kan mọ́, igbe ló ń ké. Kò pẹ́ lẹ́yìn òkè yìí ni Vincenzo Nibali, ará Ítálì, já àwọn yòókù sílẹ̀, ó borí, ó gba jẹ́sì yẹ́lò. Òun náà ló gbà á délé ní Paris lọ́dún náà.

Ẹ kíyè sí i pé mo sọ pé "kò pẹ́ lẹ́yìn òkè yìí." Èmi kò rí i nígbà tó já lọ. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà kì í rí eré náà, apá kan rẹ̀ tó gùn tó mítà ọgọ́ta ló ń rí. Etí ló fi ń gba ìyókù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí, Mark Cavendish, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Harrogate, ṣubú ní Harrogate gan-an bí wọ́n ṣe ń sáré àsáparí, èjìká rẹ̀ yẹ̀, Tour rẹ̀ parí lọ́jọ́ kìíní. Marcel Kittel ará Jámánì ló borí. Ẹlòmíràn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbọ́ ọ nínú rédíò, ó sọ fún ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ ń lọ láti ẹnu dé ẹnu bí èèyàn ṣe ń tú ká, nítorí fóònù kankan kò ṣiṣẹ́ mọ́, èrò ti pọ̀ jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà, rédíò kékeré tó ń lo bátìrì kì í kúrò nínú àpò mi. Àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín, títí tí fóònù wọn á fi kú.

Ohun kejì tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Wọ́n á ti ọ̀nà pa ní ọ̀pọ̀ wákàtí ṣáájú, fún ìdí yìí, àárọ̀ ni kó o ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ. Ìyàwó mi máa ń di mọ́ínmọ́ín fún wa. Àwọn òyìnbó tó ń jẹ búrẹ́dì àti wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á máa yọjú wò ó, nígbà tó bá yá, wọ́n á ní kí àwọn tọ́ ọ wò.

Bíi wákàtí méjì kí àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó dé, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìpolówó á kọ́kọ́ kọjá. Láti 1930 ló ti wà. Ọkọ̀ tó dà bí adìyẹ, ọkọ̀ tó dà bí ike omi, orin ń dún, àwọn ọ̀dọ́ wà lórí rẹ̀, wọ́n ń sọ ẹ̀bùn sílẹ̀: fìlà, suwíìtì, bisikíìtì, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ kọ́kọ́rọ́. Yorùbá tó bá ti lọ òde rí mọ ohun tí mò ń sọ: bí wọ́n ṣe ń pín súfẹ́níà lóde ìyàwó, tí ìyá tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun á dìde fùú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbààgbà Faransé ṣe ń fò mọ́ fìlà tí kò tó owó búrẹ́dì. Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń di ọmọdé mú jù. Ní 2000 àti ní 2002, ọmọdé kú lábẹ́ ọkọ̀ ìpolówó wọ̀nyí. Suwíìtì tó bá bọ́ sí àárín títì, ó ti di ti títì nìyẹn.

Tí wọ́n bá ti lọ, ibẹ̀ á dákẹ́. Àwọn kan á sùn. Lẹ́yìn náà, alùpùpù ọlọ́pàá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó o bá gbọ́ ìró hẹlikópítà ni kó o dìde. Bó o bá mọ̀ ọ́n gbọ́, wàá mọ̀ bóyá ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí méjì, wàá tún mọ̀ bóyá hẹlikópítà méjì ló wà, pé ọ̀kan ń tẹ̀ lé àwọn tó já lọ ṣáájú, èkejì wà lórí ọ̀wọ́ ńlá. Àwọn tó já lọ yìí máa ń ya ẹni tí kò mọ̀ lẹ́nu: kí ló dé tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n lọ? Atẹ́gùn ni ìdí. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn, ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń lo agbára tó kéré púpọ̀ fún eré kan náà. Ènìyàn mẹ́rin tó ń pín atẹ́gùn láàárín ara wọn kò lè fi bẹ́ẹ̀ bá ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń pín in figagbága. Ọ̀wọ́ ńlá mọ̀ pé àwọn á bá wọn tó bá yá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń bá wọn. Ìgbà tí wọn kò bá bá wọn ni àwa máa ń rántí.

Ẹ má sì tètè ká àga yín o. Bí ọ̀wọ́ ńlá bá ti kọjá báyìí, ìdajì èrò ti ń wá ọ̀nà ilé. Níbi òkè, ìyẹn gan-an ni ìgbà tí èmi ń dúró dè. Àwọn tó gbẹ̀yìn ló ń bọ̀ yẹn: àwọn ọkùnrin ńláńlá tí wọ́n mọ eré sá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àmọ́ tí òkè ń pa kú lọ. Iye àkókò tí wọ́n fún wọn wà, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti ara àkókò ẹni tó borí. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, ilé ló ń lọ. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á máa ran ara wọn lọ́wọ́, ọ̀tá àná di ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọkọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní ọkọ̀ ìgbálẹ̀, èyí tó ń kó àwọn tí kò lè lọ mọ́. Bí mo bá gbọ́ pé èèyàn kan rò pé ẹni ìkẹyìn nínú Tour jẹ́ ọ̀lẹ, inú máa ń bí mi.

Ní 2022, mo gba ìsinmi, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin wọ bàlúù, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Grenoble, a bọ́ sí Le Bourg-d'Oisans, ẹsẹ̀ Alpe d'Huez. Òkè yìí ni gbogbo olólùfẹ́ eré kẹ̀kẹ́ máa ń fẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan. Kìlómítà 13.8 ni, kọ́nà 21 ló wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi pátákó sí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀ láti 21 sí 1, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ti borí níbẹ̀. 1952 ni Tour kọ́kọ́ gùn ún, Fausto Coppi ló borí. Ẹsẹ̀ la fi gòkè láti ìdájí, ọmọ mi ń ka orúkọ ara pátákó, èmi ń mí hẹlẹ. Àwọn kan ti pàgọ́ síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní kọ́nà keje, àwọn ará Netherlands ló ń jọba níbẹ̀, aṣọ olómi ọsàn ní gbogbo ara, orin, èéfín, ọtí. Ó dùn ún wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kí ọmọ mi jẹ́ ká gòkè síwájú, nítorí ibi tí ọtí bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, n kì í fi ọmọ mi ṣe ògiri níbẹ̀.

Lókè, bàbá kan, ará Netherlands náà ni, àmọ́ tó ti sá fún ariwo àwọn ènìyàn rẹ̀, wá jókòó tì wá. Ó ní ohun kan tí n kò gbàgbé: fi ojú wo wọ́n, má fi fóònù wò wọ́n. Bó o bá ń wò wọ́n nínú fóònù, ó máa dà bíi pé wọ́n ṣì jìnnà, ìwọ á sì máa sún wọ ojú títì, nígbà tó o bá fi máa mọ̀, wọ́n ti dé ọ lára. Mo dán an wò pẹ̀lú alùpùpù ọlọ́pàá tó ń kọjá. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni, ọjọ́ àjọ̀dún àwọn Faransé, oòrùn ń jó bí iná. Wọ́n ti Briançon wá, wọ́n ti gun Galibier àti Croix de Fer kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Rédíò mi ń sọ èdè Faransé, obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó wá dárúkọ Pidcock. Ọmọ mi fò sókè. Tom Pidcock, ọmọ Leeds, ọmọ ọdún 22! Ó ti fi ìsọ̀kalẹ̀ Galibier bá àwọn tó wà níwájú, ní eré tí ẹni tó bímọ kò ní fẹ́ kí ọmọ òun sá. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, òun nìkan ló kù. Èrò bo ojú títì pátápátá, bó ṣe ń sún mọ́ ni wọ́n ń là sí méjì. Ọmọ mi fi ọwọ́ kan fà mí ní ẹ̀wù: "Dádì, ẹ sún sẹ́yìn!" Àwa méjèèjì pariwo "Leeds!" títí ohùn wa fi há. Kò wẹ̀yìn. Louis Meintjes ará South Africa ló ṣe ìkejì, Chris Froome tí wọ́n bí ní Nairobi ló ṣe ìkẹta. Froome ti gba Tour lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó ṣubú gan-an ní 2019, wọ́n sì rò pé ó tán. Ariwo tí wọ́n pa fún un níbẹ̀, kò kéré sí ti ẹni tó borí.

Gbogbo ènìyàn tó wà lórí òkè yẹn ló mọ ìtàn àwọn tí òǹwòran ti bì ṣubú. Ní 1999, lórí Alpe d'Huez kan náà, ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò kọ lu Giuseppe Guerini. Ó dìde, ó sì borí. Ní 2016, lórí Mont Ventoux, èrò pọ̀ débi pé alùpùpù kò rí ọ̀nà lọ, Froome kọ lù ú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sáré gòkè nínú jẹ́sì yẹ́lò. Ní 2018, Nibali tá a rí ní Sheffield ṣubú lórí Alpe d'Huez láàárín èrò, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kán, ilé ló lọ. Ní 2021 wá ni obìnrin kan gbé páálí sí ojú títì, ó kẹ̀yìn sí àwọn agunkẹ̀kẹ́, ó ń wo kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kó lè kí ìyá àgbà àti bàbá àgbà rẹ̀. Tony Martin gbá páálí náà, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀wọ́ ńlá sì wó lulẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn, ògiri lanu.

Ilé ẹjọ́ ní kí obìnrin náà san owó ìtanràn 1,200 yúrò. Àwọn kan ní ó kéré jù, wọ́n fẹ́ kó fi ẹ̀wọ̀n jura. Èmi kò fara mọ́ ọn. Èébú tí wọ́n rọ́jò lé e lórí ti ju ohun tó ṣe lọ, ẹni tó sì wù ú láti kí ará ilé rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọ̀daràn. Àwa náà kọ páálí tiwa lórí òkè yẹn: "Ẹ kú ilé o, ará Ìbàdàn." Ara àpáta tó wà lẹ́yìn wa la so ó mọ́. Bí kámẹ́rà bá rí i, ó rí i.

Mi ò lọ sí ìkankan ní 2024, iṣẹ́ kò gbà. Orí fóònù ni mo ti wò ó ní yàrá ìsinmi àwa awakọ̀, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Eritrea. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bọ́ọ̀lù kọ́ ni eré àkọ́kọ́ níbi gbogbo ní Áfíríkà. Ní Asmara, kẹ̀kẹ́ ni. Àwọn ará Ítálì ló gbé e débẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn ọmọ ilẹ̀ sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ti ń sọ fún mi nípa Daniel Teklehaimanot, ọmọ ilẹ̀ wọn, tó wọ jẹ́sì funfun alámì pupa rìbìtì ti àwọn agunkè ní 2015. Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 1 oṣù Keje, wọ́n ń sáré lọ sí Turin, ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí, a fi orí kan orí lórí fóònù. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi dènà èrò, ó ju gbogbo wọn lọ. Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó máa borí ìpele kan nínú Tour, láti 1903 tí wọ́n ti ń sá a. Ẹlẹgbẹ́ mi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ síta, ó ń pe ilé. Mo pẹ́ jáde pẹ̀lú bọ́ọ̀sì mi ọjọ́ náà, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Girmay tún borí ní Colombey-les-Deux-Églises àti ní Villeneuve-sur-Lot, ó sì wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé, ti ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ máàkì jù, dé Nice, níbi tí Tour ti parí lọ́dún náà. Mo rí gbogbo rẹ̀ kedere lórí fóònù yẹn, ju bí mo ṣe rí Pidcock lọ. Mo rí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbà á lọ́wọ́ atẹ́gùn, mo rí ìgbà tó yan ẹ̀yìn tó máa tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ eré, kó jókòó sílé. Síbẹ̀ bí ẹ bá fún mi ní méjèèjì kí n mú ọ̀kan, títì ni màá mú, pẹ̀lú gbogbo oòrùn rẹ̀.

Ní oṣù Keje 2027, Tour tún ń bọ̀ wá sí Britain, Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti máa gbéra. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kó má fi orúkọ mi sí ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń bá mi lọ, ṣùgbọ́n orúnkún kò gbà á mọ́; ó fẹ́ ká dúró níbi tí wọ́n ti ń gbéra, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ní ibi òkè ni. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé Harewood lòun ti rí ojú wọn. Mo ní Jenkin Road lẹ ti pariwo, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì lójú, ìyàwó mi sì ti ní òun ò ní di mọ́ínmọ́ín fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi fẹnu kò.